Nígbà Tí Hot Rod Bá Ń Gbọ̀n: Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀sùn Tí Wọ́n Fi Kan Kílọ́ọ̀ṣì

Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ onígíà ọlọ́wọ́ rí kò ní ṣàì mọ ìdààmú yìí. Awakọ̀ ki gíà kìn-ín-ní, ó ń rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n dípò kí ọkọ̀ yọ́ gbéra, ńṣe ni gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n jìgìjìgì. Nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì bá dì tán pátápátá, jìgìjìgì náà a dáwọ́ dúró, ọkọ̀ a sì máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nínú ọkọ̀ tó ti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo jáde, ẹjọ́ náà kì í sábà gùn: wọ́n á pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì, ó tán. Nínú hot rod, ìyẹn ọkọ̀ àtijọ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń tú palẹ̀ tí wọ́n á sì tún un kọ́ kó lè sáré, ẹni tó pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì lè gbé ọkọ̀ jáde kí jìgìjìgì àná ṣì máa dúró dè é. Ó lè ra òmíràn, kí ọ̀rọ̀ tún rí bákan náà.

Kí ló ń fà á gan-an? Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí pín sí. Àwọn kan gbà pé ojú tó ń dì ló bàjẹ́: pílẹ́ètì, flywheel (irin rìbìtì wúwo tó wà ní ìdí ẹ́ńjìnì), tàbí ọ́ìlì tó kán sí wọn lára. Àwọn kan ní àwọn ohun tí wọ́n so pọ̀ ni kò tọ́ sí ara wọn. Àwọn tó kù ní kílọ́ọ̀ṣì kò mọwọ́ mẹsẹ̀, pé ohun tó gbé ẹ́ńjìnì dúró àti irin tó so pẹ́dàlì mọ́ kílọ́ọ̀ṣì ni ká bi. Òtítọ́ wà lẹ́nu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà ni ètò: ohun tó wọ́n jù, tó sì fara sin jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tú, wọ́n á sì fi èyí tí ojú rí tí ọwọ́ sì tó sílẹ̀.

Ọkọ̀ kan, ìyá mẹ́rin

Gúúsù California ni àṣà kíkọ́ hot rod ti gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Àwọn ọ̀dọ́ tí owó wọn kò ká ọkọ̀ asáré máa ń ra Ford Model T tàbí Model A àlòkù, wọ́n á yọ mọ́gáàdì rẹ̀ dànù kó lè fúyẹ́, wọ́n á sì lọ dán an wò lórí ilẹ̀ adágún gbígbẹ ní Muroc àti El Mirage. Ọdún 1937 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ SCTA sílẹ̀ láti fi ètò sí eré náà. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1948 ni ìwé ìròyìn Hot Rod kọ́kọ́ jáde. Ford ọdún 1932 wá di ààyò wọn, ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ Ford fi gbé ẹ́ńjìnì V8 dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù: kúbíìkì íǹṣì 221, agbára ẹṣin 65.

Ìtàn yìí kan ọ̀rọ̀ wa, nítorí láti ilẹ̀ ni hot rod ti jẹ́ àkójọpọ̀. Ara ọkọ̀ lè jẹ́ ti Ford 1932, kí ẹ́ńjìnì jẹ́ ti Chevrolet, irú V8 kékeré tó jáde ní ọdún 1955, kí gíàbọ́ọ̀sì wá láti ara ọkọ̀ kẹta, kí ẹ̀yìn ọkọ̀ sì jẹ́ ti ìkẹrin. Àwọn ẹnjiníà tó ṣe Ford 1932 ti wọn ohun gbogbo mọ́ ara wọn: bí ẹ́ńjìnì ṣe lágbára tó, bí kílọ́ọ̀ṣì ṣe fẹ̀ tó, bí rọ́bà tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnì ṣe rọ̀ tó. Ẹni tó bá tú u ká ti gba iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà yẹn sọ́wọ́ ara rẹ̀, yálà ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kò mọ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ẹ̀yà ara tó dára lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lè máà gbọ́ra wọn yé bí wọ́n bá pàdé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí kílọ́ọ̀ṣì tó dì

Flywheel ń bá ẹ́ńjìnì yí. Pílẹ́ètì kílọ́ọ̀ṣì wà lórí irin eléyín tó wọ inú gíàbọ́ọ̀sì. Pressure plate ni ó ń fi sípíríǹgì tẹ pílẹ́ètì mọ́ flywheel kí àwọn méjèèjì lè di ọ̀kan. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, ẹ́ńjìnì lè máa yí ní ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí irin gíàbọ́ọ̀sì má sì yí rárá. Kí ọkọ̀ tó gbéra, pílẹ́ètì gbọ́dọ̀ yọ̀ díẹ̀ lójú flywheel títí eré àwọn méjèèjì yóò fi bára dọ́gba. Àárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ yìí ni jìgìjìgì ti ń wáyé.

Bí ìdìmú náà bá ń lọ déédéé, ọkọ̀ á gbéra láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí pílẹ́ètì bá ń dì, tó ń yọ̀, tó tún ń dì, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọrun gòjé tó ń mú okùn tó sì ń jù ú sílẹ̀ lemọ́lemọ́, àfi pé gbogbo ọkọ̀ ni okùn tó ń gbọ̀n níhìn-ín.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ya oríṣi méjì sọ́tọ̀. Oríṣi kìn-ín-ní ń bọ́ ara rẹ̀. Ó máa ń wáyé nígbà tí ìdìmú ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pílẹ́ètì bá ń dínkù bí yíyọ̀ rẹ̀ ṣe ń yára sí i. Ìwọ̀n bí ọ̀pá ẹ̀yìn (èyí tó ń gbé agbára láti gíàbọ́ọ̀sì lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀), ẹ̀yìn ọkọ̀ àti taya ṣe lè lọ́ tó ló ń pinnu eré rẹ̀, nítorí náà kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà bí awakọ̀ tilẹ̀ tẹ epo sí i. Oríṣi kejì wá láti ara ohun tó wọ́, tó ń tẹ pílẹ́ètì jù níbì kan tí kò sì tẹ̀ ẹ́ tó níbòmíràn. Èyí ń tẹ̀ lé yíyí ẹ́ńjìnì: bí ẹ́ńjìnì bá yára, jìgìjìgì náà á yára. Etí tó bá lè gbọ́ ìyàtọ̀ yìí ti mọ apá ibi tí òun yóò kọ́kọ́ wò, kó tó mú irinṣẹ́ kankan dání.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́: ojú tó ń dì

Ọ̀daràn àkọ́kọ́ ni ọ́ìlì. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì ayé ọjọ́un ló jẹ́ pé okùn tí wọ́n hun ni wọ́n fi dí ẹ̀yìn kíráǹkì wọn. Bí okùn náà bá gbó, tàbí tí ẹni tó fi sí i kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ọ́ìlì á máa jò wá sẹ́yìn, flywheel á sì máa fọ́n ọn ká. Gíàbọ́ọ̀sì náà lè jò láti iwájú. Àní gírísì tí wọ́n bá fi kún eyín irin ju bó ṣe yẹ lọ lè fọ́n sí ojú pílẹ́ètì. Kò dìgbà tó bá pọ̀. Ojú pílẹ́ètì a máa mu ọ́ìlì, nítorí náà fífi bẹntiróòlù nù ún kì í ṣe ìwòsàn. Ẹni tó bá pààrọ̀ pílẹ́ètì tí kò dí ojú ibi tó ń jò kàn sún ọjọ́ ìṣòro náà síwájú ni.

Ìkejì ni flywheel. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá ti gbóná jù rí, àwọn àmì aláwọ̀ búlúù á hàn lójú flywheel, ibẹ̀ á sì le ju ibi tó kù lọ. Bí wọ́n bá gbé e lọ sórí ẹ̀rọ léèdì, ọ̀bẹ ẹ̀rọ náà lè fo ibi líle yẹn, kó fi í sílẹ̀ bí òkìtì kékeré tí ojú lásán kò lè rí. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi máa ń fẹ́ kí wọ́n fi òkúta ìlọ lọ̀ ọ́ dípò kí wọ́n fi ọ̀bẹ fá a. Flywheel mìíràn tún wà tí ojú ibi tí pílẹ́ètì ń dì sí àti ibi tí wọ́n ń de pressure plate mọ́ kò dọ́gba láti ilé iṣẹ́ wá. Bí wọ́n bá fá ọ̀kan nínú wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ fá èkejì ní ìwọ̀n kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, agbára ìtẹ̀mọ́ra yóò yí padà.

Ìkẹta ni irú pílẹ́ètì tí wọ́n yàn, ibí sì ni ojú ayé máa ń tan àwọn tó ń kọ́ hot rod jù. Pílẹ́ètì ọkọ̀ ìgboro ní irin pẹlẹbẹ tó rí kọ́lọkọ̀lọ láàárín ojú rẹ̀ méjèèjì, èyí tó ń jẹ́ kó rọra dì, ó sì ní sípíríǹgì ní àárín tó ń gba ìgbọ̀n ẹ́ńjìnì mọ́ra. Pílẹ́ètì ọkọ̀ eré ìje, tí wọ́n fi seramíìkì tàbí ìyẹ̀fun irin tí wọ́n sun pọ̀ ṣe, kì í sábà ní ìrọ̀rùn yẹn. Wọ́n ṣe é kó gbá nǹkan mú lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì fara da ooru. Ẹni tó bá fi irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ tó fi ń ṣe fàájì lọ́jọ́ Sunday, tó wá ń ráhùn pé ó ń gbọ̀n, ìwà ohun tó rà ló ń rí.

Ìkìlọ̀ kan kò ṣeé fò níhìn-ín. Asbestos wà nínú ojú pílẹ́ètì àtijọ́ púpọ̀, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹni tó bá tú kílọ́ọ̀ṣì ògbólógbòó kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku inú rẹ̀. Kó bo imú rẹ̀ dáadáa, kó sì fi aṣọ tútù nù ún.

Ẹ̀sùn kejì: ohun tí kò tọ́ sí ara wọn

Bell housing ni irin oníhò tó bo flywheel tó sì so gíàbọ́ọ̀sì mọ́ ẹ́ńjìnì. Ihò àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá àárín kíráǹkì mu gẹ́lẹ́. Ìwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ sábà ń gbà láàyè ni 0.005 íǹṣì, ìyẹn nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ mìlímítà kan, lórí géèjì olójú aago tí wọ́n so mọ́ flywheel tí wọ́n sì yí káàkiri etí ihò náà. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, píìnì wà lọ́jà tí àárín rẹ̀ ti yẹ̀ díẹ̀, ní 0.007, 0.014 àti 0.021 íǹṣì, tí wọ́n fi ń fa bell housing padà sí ipò rẹ̀.

Nínú hot rod, ewu yìí pọ̀ ju ti ọkọ̀ mìíràn lọ, nítorí àwọn tó bá fẹ́ so gíàbọ́ọ̀sì ìgbàlódé mọ́ ẹ́ńjìnì Ford àtijọ́ máa ń fi irin alárinà sáàárín wọn. Ojú irin kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi kún un lè mú ìwọ́ díẹ̀ wá. Bíárìn kékeré tó wà ní ìdí kíráǹkì, tó di imú irin gíàbọ́ọ̀sì mú, náà lè ti jẹ, kí irin náà máa gbò lọ gbò bọ̀. Ìka tí wọ́n fi ń tẹ pressure plate lè máà ga dọ́gba. Ẹni tó fún bóòtù pressure plate lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó kan èkejì, dípò kó máa fún wọn díẹ̀díẹ̀ ní òdìkejì ara wọn, lè ti lọ́ ọ. Bí gíàbọ́ọ̀sì bá sì rọ̀ sórí pílẹ́ètì nígbà tí wọ́n ń tì í wọlé, àárín pílẹ́ètì ti tẹ̀ kí ọkọ̀ náà tó rìn ní ìṣísẹ̀ kan.

Ẹ̀rí tó wà fún ẹ̀sùn yìí lágbára, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Bell housing tó wọ́ sábà máa ń fi àmì mìíràn hàn pẹ̀lú: gíà ń fò jáde, bíárìn iwájú gíàbọ́ọ̀sì tètè ń jẹ, eyín irin ń jẹ lápá kan. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n nígbà ìgbéra nìkan, tí kò sí ọ̀kankan nínú àwọn wọ̀nyí, kò yẹ ká sáré tú gíàbọ́ọ̀sì sílẹ̀ nítorí ẹ̀sùn kejì nìkan.

Ẹ̀sùn kẹta: ìjókòó ẹ́ńjìnì àti irin pẹ́dàlì

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ẹ̀sùn kẹta ni wọ́n máa ń rántí kẹ́yìn, òun ni mo sì gbà pé ó yẹ kó ṣáájú nínú ọkọ̀ tí wọ́n kó jọ.

Títí di ọdún 1948, ọ̀nà tí ọkọ̀ Ford gbà ń ti ara rẹ̀ síwájú yàtọ̀. Sípíríǹgì ẹ̀yìn wọn dábùú ọkọ̀, kò lè gba agbára taya tó ń ti ọkọ̀. Páìpù ńlá kan tó bo ọ̀pá ẹ̀yìn, tí wọ́n ń pè ní torque tube, ló ń gbé agbára náà wá sí ìdí gíàbọ́ọ̀sì, láti ibẹ̀ sì ni ó ti ń gba ìjókòó ẹ́ńjìnì lọ sí ṣásí. Ọdún 1949 ni Ford fi ètò yìí sílẹ̀. Nítorí náà, nínú ọkọ̀ tó ṣì ń lo torque tube, ẹ́ńjìnì àti gíàbọ́ọ̀sì ni wọ́n ń tì lẹ́yìn nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra. Bí rọ́bà tó wà lábẹ́ wọn bá rọ̀ jù tàbí tó ti já, gbogbo wọn á máa lọ síwájú sẹ́yìn. Ẹni tó sì yọ torque tube kúrò, tó fi ọ̀pá ẹ̀yìn tí páìpù kò bò rọ́pò rẹ̀, gbọ́dọ̀ ṣe ohun mìíràn tí yóò di ẹ̀yìn ọkọ̀ mú. Bí kò bá ṣe é tó lágbára, ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa lọ́, á máa padà, kílọ́ọ̀ṣì á sì gba ẹ̀bi rẹ̀.

Irin pẹ́dàlì ló tún burú jù. Nínú Model A, ara gíàbọ́ọ̀sì ni wọ́n so pẹ́dàlì mọ́, nítorí náà bí ẹ́ńjìnì bá mì, pẹ́dàlì bá a mì, kò sì sí ohun tó fa kílọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ hot rod ní pẹ́dàlì lórí ṣásí àti kílọ́ọ̀ṣì lára ẹ́ńjìnì, pẹ̀lú irin gbọọrọ láàárín wọn. Nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì bá bẹ̀rẹ̀ sí í dì, ẹ́ńjìnì á yí ara rẹ̀ díẹ̀ lórí rọ́bà. Yíyí náà á fa irin, irin á tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ́ńjìnì á padà sí àyè rẹ̀, irin á dẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì á tún dì. Ẹsẹ̀ awakọ̀ lè wà lójú kan, kí kílọ́ọ̀ṣì sì máa ṣí, máa dì, lemọ́lemọ́. Kò sí pílẹ́ètì tuntun tó lè wo èyí sàn.

Àwọn ilé iṣẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Okùn wáyà gba ọkọ̀ sílẹ̀ nítorí pé bell housing ni wọ́n de ìkarahun okùn náà mọ́. Ọ́ìlì bíréèkì tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì náà lè gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lú àdéhùn kan tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: sílíńdà kékeré tó ń ti ìka kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ wà lára ẹ́ńjìnì tàbí gíàbọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá dè é mọ́ ṣásí, ìṣòro àtijọ́ náà ni wọ́n tún fi owó púpọ̀ rà.

Àwọn tó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun

Ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti fi káḿṣáàfù eré ìje sí, tó ní káábúrétọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lórí, kì í fẹ́ yí jẹ́jẹ́. Ó lè máa kọsẹ̀ nígbà tí awakọ̀ bá ń gbéra pẹ̀lú ẹ́ńjìnì tí kò yára tó, kí ó sì dà bí ẹni pé kílọ́ọ̀ṣì ló ń gbọ̀n. Flywheel tí wọ́n ti fá kó lè fúyẹ́ ń mú kí ẹ́ńjìnì tètè yára, ṣùgbọ́n agbára tó fi pamọ́ fún ìgbéra kò pọ̀ mọ́. Bákan náà ni gíà ẹ̀yìn: 3.78 tàbí 4.11 ló wọ́pọ̀ nínú Ford V8 àtijọ́, ẹni tó bá fi 3.00 rọ́pò rẹ̀ kó lè rọrùn lójú ọ̀nà gígùn ti fi kún àkókò tí kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ fi yọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí jìgìjìgì bá sì ń bá a lọ lẹ́yìn tí kílọ́ọ̀ṣì ti dì tán, ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí taya ni ká wò.

Ètò tó yẹ kí ìwádìí tẹ̀ lé

Ìbéèrè ló ṣáájú irinṣẹ́. Ṣé àárọ̀ nìkan ni, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti pẹ́ níbi ọ̀rinrin? Ìpẹtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú flywheel lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbéra díẹ̀ á sì nù ún kúrò. Ṣé kílọ́ọ̀ṣì tuntun ni? Àwọn tó ń ṣe é sábà máa ń ní kí wọ́n fi wakọ̀ jẹ́jẹ́ láàárín ìlú fún máìlì 300 sí 500 kí ojú rẹ̀ tó jọ́kòó. Ṣé ìgbà tó bá gbóná nìkan ni? Ìyẹn ń tọ́ka sí ojú tó ń dì. Ṣé síwájú nìkan ló ti ń gbọ̀n, tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń fẹ̀yìn rìn? Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì jù, nítorí apá kan náà ni flywheel ń yí sí yálà ọkọ̀ ń lọ síwájú tàbí sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì á fì sí òdìkejì lórí ìjókòó rẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ á sì lọ́ sí òdìkejì. Ìyàtọ̀ ńlá láàárín méjèèjì jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára pé ìta kílọ́ọ̀ṣì ni ìṣòro wà.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ́ńjìnì kọ́kọ́ yí dáadáa: iná rẹ̀, epo rẹ̀, káábúrétọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n wá fi nǹkan ti taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró síwájú tàbí sẹ́yìn ọkọ̀. Kí ẹnì kan jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í dì díẹ̀, kí ẹlòmíràn máa wo ẹ́ńjìnì láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ́ńjìnì bá ń gbéra sókè lórí ìjókòó rẹ̀, tí irin pẹ́dàlì sì ń bá a lọ, wọ́n ti rí ohun tí wọ́n ń wá. Tí ó bá ṣì ku iyèméjì, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnì, kí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n de ẹ̀gbẹ́ tó ń gbéra yẹn mọ́ ṣásí fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n sì tún wa ọkọ̀ náà wò. Bí jìgìjìgì bá lọ tàbí tó dínkù gan-an, ìjókòó ẹ́ńjìnì ti jẹ́wọ́. Mẹkáníìkì Nàìjíríà tó ti pààrọ̀ ìjókòó ẹ́ńjìnì fún ọkọ̀ tó ń gbọ̀n kò ní rí ohun ìyanu nínú èyí.

Bí ìta bá mọ́ tónítóní, ìgbà yẹn ni kí gíàbọ́ọ̀sì tó wálẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo ìdí bell housing bóyá ọ́ìlì wà níbẹ̀. Kí wọ́n fi géèjì wọn bell housing àti ojú flywheel kí wọ́n tó ra ohunkóhun, kí wọ́n dán bíárìn kékeré wò, kí wọ́n sì wo ojú pílẹ́ètì àtijọ́ dáadáa. Ojú tó ń dán bíi dígí ń sọ ti ooru, èyí tó dúdú tó sì rin ń sọ ti ọ́ìlì, èyí tó jẹ lápá kan ń sọ ti ìwọ́.

Ìdájọ́

Àwọn tó ń dá pílẹ́ètì lẹ́bi kò parọ́, nítorí ọ́ìlì àti ooru ń ba kílọ́ọ̀ṣì jẹ́ lóòótọ́. Àwọn tó ń dá ìwọ́ lẹ́bi ní géèjì lọ́wọ́ láti fi jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì, pẹ́dàlì àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò wá láti ilé kan náà, ẹ̀sùn kẹta ló yẹ kí a kọ́kọ́ gbọ́. Ó ṣeé wò láìtú bóòtù kan, kò sì ná ju àkókò díẹ̀ lọ, nígbà tí sísọ gíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀ lè gba odindi òpin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá tilẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ náà lọ́wọ́ lè yẹra fún gbogbo ẹjọ́ yìí: kó kọ́kọ́ pinnu bí ẹ́ńjìnì yóò ṣe jókòó, ohun tí yóò di ẹ̀yìn mú, àti ibi tí irin tàbí okùn pẹ́dàlì yóò fẹsẹ̀ tì. Lẹ́yìn náà ni kó wá ra pílẹ́ètì tó bá ìlò rẹ̀ mu, kì í ṣe èyí tó bá àlá eré ìje rẹ̀ mu.